Fíìmù Ànímè: Ti Ọmọ Onílé Ni Tàbí Ti Àlejò?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kì í fi í ríran. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ mọ bí òwe náà ti jinlẹ̀ tó, kí ó wọ ilé sinimá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fi ọ̀kan hàn nínú àwọn fíìmù ànímè, àwòrán tó ń rìn ti ilẹ̀ Japan, irú èyí tí ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kí ó sì jókòó sáàárín àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mọ ìtàn náà tinú-tẹ̀yìn. Bí akọni kan bá yọjú, kódà kí ó tó la ẹnu, ariwo ti ta. Bí wọ́n bá dárúkọ ẹnìkan tó ti kú, àwọn kan ti ń nu ojú. Àlejò wa a sì máa wo ọ̀tún, a máa wo òsì, kò mọ ohun tí wọ́n ń yọ̀ sí, kò sì mọ ẹni tí wọ́n ń dárò. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn kan náà fi ń bẹ́ sílẹ̀ nígbàkúùgbà tí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ bá jáde: ṣé ẹni tí kò bá ìtàn náà bọ̀ láti ilẹ̀ lè jẹ adùn rẹ̀, àbí ti àwọn olólùfẹ́ àtijọ́ nìkan ni?

Ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń wo iwájú nínú ọ̀rọ̀ yìí yóò máa dá fíìmù kọ̀ọ̀kan lẹ́jọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yóò ní èyí ṣílẹ̀kùn, èyí tilẹ̀kùn, bí ẹni pé ìwà tó wu fíìmù náà ló hù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ẹ̀yìn, tó tọ ipa òwò yìí láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, yóò rí i pé ilẹ̀kùn náà ní ìtàn tirẹ̀, àti pé kì í ṣe ọgbọ́n ayàwòrán nìkan ló ń ṣí i tàbí tó ń tì í. Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà rí ìtàn wò nílé wà níbẹ̀, irú ẹni tí onísinimá sì ń retí pé yóò wá sanwó lẹ́nu ọ̀nà wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kò sí onílé, kò sí àlejò. Ní ọdún 1956 ni ilé-iṣẹ́ sinimá Toei ra ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń ṣe àwòrán tó ń rìn, ó sì sọ ọ́ di Toei Doga, nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ àgbà, Okawa Hiroshi, fẹ́ kí ìlà-oòrùn ayé ní iṣẹ́ tí yóò lè bá ti Disney ilẹ̀ Amẹ́ríkà fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1958, wọ́n gbé Hakujaden jáde, fíìmù ànímè gígùn aláwọ̀ mèremère àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Japan, èyí tí wọ́n mú láti inú ìtàn àtẹnudẹ́nu ilẹ̀ Ṣáínà nípa ejò funfun kan tó di arẹwà obìnrin nítorí ìfẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Gbogbo ẹni tó sanwó wọlé, àtàgbà àtọmọdé, ibi kan náà ni wọ́n ti gbéra. Ìtàn bẹ̀rẹ̀ lójú wọn, ó sì parí lójú wọn, kò sí ohun tí ẹnìkan ní láti ti wò ṣáájú kí ó tó lóye.

Tẹlifíṣọ̀n ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1963, Tezuka Osamu, ẹni tí àwọn ará Japan ń pè ní òrìṣà ìwé àwòrán manga, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Tetsuwan Atom hàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí Fuji TV, ìtàn ọmọkùnrin kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ jẹ́ ti ènìyàn. Láti ọjọ́ náà ni akọni inú àwòrán ti di ará ilé, tí àwọn ọmọ mọ ìṣe rẹ̀, tí wọ́n mọ ọ̀tá rẹ̀, tí wọ́n sì lè kọ orin rẹ̀ lójú oorun. Kò sì pẹ́ tí àwọn onísinimá fi rí i pé ẹni tí ọmọ ti mọ̀ nílé ni yóò bẹ òbí rẹ̀ láti lọ wò níta: ní ọdún 1964 wọ́n so ìpín mélòó kan nínú Tetsuwan Atom pọ̀, wọ́n sọ ọ́ di fíìmù. Toei ní tirẹ̀ sọ ọ́ di àṣà ọdọọdún. Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, ní ìgbà ìrúwé àti ní ìgbà ooru, wọn a di fíìmù gígùn kan àti ìpín eré tẹlifíṣọ̀n bíi mélòó kan pọ̀, wọn a pè é ní Toei Manga Matsuri, àwọn ìyá a sì kó ọmọ wọn lọ síbẹ̀ bí ẹni ń lọ ibi ọdún.

Nínú àṣà yìí ni akọni méjì, Mazinger Z àti Devilman, ti bá ara wọn pàdé ní oṣù keje ọdún 1973. Ọwọ́ ayàwòrán kan náà, Nagai Go, ni àwọn méjèèjì ti jáde, ṣùgbọ́n orí tẹlifíṣọ̀n, oko ọ̀tọ̀ ni oníkálukú ń ro. Sinimá nìkan ló lè mú wọn jọ fojú kan ara wọn. Níbí ni a ti kọ́kọ́ rí fíìmù tí adùn rẹ̀ sinmi lé ohun tí òǹwòran ti mọ̀ kí ó tó wọlé, nítorí pé ẹni tí kò mọ Mazinger, tí kò sì mọ Devilman, kí ni ìpàdé wọn jẹ́ fún un? Síbẹ̀ kò ṣe àlejò ní jàǹbá kankan. Fíìmù náà kò gùn, ìjà ibẹ̀ kò nílò àlàyé, ọmọ tí kò bá sì fẹ́ràn èyí mọ̀ pé òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú ìdìpọ̀ kan náà.

Ọ̀nà kejì là pẹ̀lú ọkọ̀ ogun òfuurufú Yamato. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1974 títí di oṣù kẹta ọdún 1975 ni wọ́n fi ìtàn yìí hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n ní wákàtí yẹn gan-an ni ìkànnì mìíràn ń fi Heidi hàn, ọmọdébìnrin orí òkè Alps tí gbogbo agbo ilé ń wò; bí wọ́n ṣe gé Yamato kúrú sí ìpín 26 nìyẹn, kò dé ibi tí wọ́n ti pinnu rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ tí wọ́n wò ó kò gbàgbé, àwọn mìíràn sì tún bá wọn kẹ́gbẹ́ nígbà tí wọ́n tún un fi hàn. Nishizaki Yoshinobu tó jẹ́ agbátẹrù eré náà kó gbogbo ìpín 26 jọ, ó rẹ́ ẹ, ó gé e, títí ó fi di nǹkan bíi wákàtí méjì ó lé díẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1977 tí fíìmù náà jáde, àwọn ọ̀dọ́ ti sùn sí ẹnu ọ̀nà ilé sinimá mọ́jú.

Kí a fara balẹ̀ yẹ ìdí rẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Nígbà náà, ẹ̀rọ tí ń gba fídíò sílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọjà ni, owó rẹ̀ sì ga ju ọwọ́ ọmọ ilé-ìwé lọ. Ìpín tó bá ti kọjá lórí tẹlifíṣọ̀n ti kọjá nìyẹn, àfi bí ilé-iṣẹ́ bá ṣàánú, tó tún un fi hàn. Nítorí náà, fíìmù àkópọ̀ yìí jẹ́ oúnjẹ kan tó tẹ́ ikùn méjì lọ́rùn: ẹni tó ti mọ Yamato wá rí ohun tí kò ní ọ̀nà mìíràn láti tún rí, ẹni tí kò sì mọ̀ ọ́n rí bá ìtàn náà látòkè délẹ̀. Ìtàn ọ̀hún fúnra rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ọdún 2199 ni, àwọn ọ̀tá láti ojú ọ̀run ti fi bọ́ǹbù ba ilẹ̀ ayé jẹ́, ọdún kan ṣoṣo ló kù kí ìran ènìyàn pa run; wọ́n wá fi ara ọkọ̀ ogun Yamato tó rì ní 1945 kọ́ ọkọ̀ tí yóò lọ gba ẹ̀rọ ìgbàlà wá láti ilẹ̀ òkèèrè ojú ọ̀run. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀kan kò tún nílò olùtọ́nisọ́nà. Àbùkù kan ṣoṣo tí àkópọ̀ ní ni pé àwọn ènìyàn inú rẹ̀ a máa wá, wọn a máa lọ, wọn a máa kú, kí a tó ráyè fẹ́ràn wọn. Tomino Yoshiyuki kọ́gbọ́n lára èyí nígbà tó kan Gundam rẹ̀, tí wọ́n gé òun náà kúrú sí ìpín 43 lórí tẹlifíṣọ̀n: fíìmù mẹ́ta ló pín in sí, méjì ní ọdún 1981 àti ẹ̀kẹta ní ọdún 1982, kí ọ̀dọ́mọkùnrin akọni rẹ̀, Amuro Ray, lè ráyè dàgbà lójú ẹni tí kò bá a pàdé rí.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Láàárín Yamato àti Gundam ni ọ̀kan yọ tí kò ṣe àkópọ̀, tí kò sì retí pé kí ẹnikẹ́ni mọ ohunkóhun. Lupin Kẹta, ọba olè, ọmọ-ọmọ olè, ti wà nínú ìwé àwòrán Monkey Punch láti ọdún 1967, ó sì ti ṣeré lẹ́ẹ̀mejì lórí tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n tó gbé fíìmù The Castle of Cagliostro lé Miyazaki Hayao lọ́wọ́, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí ó darí, tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1979. Ẹ jẹ́ kí a wo bó ti bẹ̀rẹ̀. Lupin àti Jigen ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sá jáde láti ilé tẹ́tẹ́ kan ní Monaco, wọ́n ti kó owó kún inú mọ́tò Fiat kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan títí ó fi bò wọ́n dé ọrùn, ẹ̀rín ń pa wọ́n. Lójijì, Lupin mú ìwé owó kan, ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà: ayédèrú ni, ṣùgbọ́n ayédèrú tí ọwọ́ ọ̀jẹ̀ ṣe. Àwọn méjèèjì kò ṣe méjì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo owó náà sójú títì. Ṣé a tún nílò ẹni tí yóò sọ fún wa irú olè tí Lupin jẹ́? Ìgbà tó yá, táyà jò lójú ọ̀nà. Jigen ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, Lupin fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí mọ́tò, ni ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ ìyàwó bá wa ọkọ̀ kọjá lẹ́lẹ́, tí àwọn jàǹdùkú ń lé e. Kò sí ẹni tó bi ẹnìkejì bí ó bá yẹ kí wọ́n dá sí i. Wọ́n ti gbá tẹ̀lé e.

Ọwọ́ tí Miyazaki fi gba àlejò nìyẹn: ìṣe ló fi sọ̀rọ̀, kò fi ẹnu ròyìn. Ṣùgbọ́n kò sí ilé tí wọ́n tún ṣe fún àlejò tí onílé kò ní ráhùn, nítorí àwọn kan tí wọ́n mọ Lupin inú ìwé, ọkùnrin oníwàkiwà tí ọwọ́ rẹ̀ le, sọ pé onínúure tí wọ́n rí nínú fíìmù yìí kì í ṣe ẹni tí àwọn mọ̀. Fíìmù náà kò sì pa owó rẹpẹtẹ nígbà tó jáde. Ọdún ló gbé e ga, tó fi wá di èyí tí àwọn tí wọ́n kò mọ nǹkan mìíràn nípa Lupin mọ̀.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òwò náà rí ọ̀nà tí owó ibẹ̀ kò ní gbẹ. Ní oṣù kẹta ọdún 1980, Doraemon, ológbò ẹlẹ́rọ tó ti ọ̀rúndún kejìlélógún wá, wọ ilé sinimá, láti ìgbà náà ni fíìmù rẹ̀ kan sì ti ń jáde ní ọdọọdún, àfi bí ìdí pàtàkì bá dá a dúró. Crayon Shin-chan tẹ̀ lé e ní 1993, Detective Conan sì tẹ̀ lé e ní 1997. Gbogbo fíìmù ọdọọdún wọ̀nyí ló ń pa òfin kan mọ́: bí ìrìn àjò náà ti wù kó léwu tó, nígbà tí iná ilé sinimá bá tàn, ohun gbogbo gbọ́dọ̀ ti padà sí bó ti wà, nítorí pé eré orí tẹlifíṣọ̀n yóò máa bá tirẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Òfin yìí ni ìbùkún àlejò, nítorí ohun tí kò bá lè yí padà, ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Conan sọ ọ́ di ààtò: ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ọmọdékùnrin onígíláàsì náà fúnra rẹ̀ a ròyìn ara rẹ̀ fún wa, pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọ̀dọ́ ni òun tẹ́lẹ̀, pé àwọn ọkùnrin aláṣọ dúdú kan ló fún òun ní májèlé mu, tí ara òun fi sún kì tó di ti ọmọdé, ṣùgbọ́n tí ọpọlọ òun kò yẹ̀. Àwọn ọmọ onílé ti gbọ́ ọ ní àìmọye ìgbà, wọn kò sì kùn sí i, bí ẹni ń gbọ́ oríkì ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ni òṣì irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Níbi tí kò sí ẹni tó lè kú, tí kò sí ẹni tó lè dàgbà, ẹ̀rù kì í ba ni dé ìsàlẹ̀ ikùn.

Ẹni tó kọ́kọ́ tilẹ̀kùn gbà-n-gbà mọ́ àlejò ni Anno Hideaki. Neon Genesis Evangelion rẹ̀ parí lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kẹta ọdún 1996 pẹ̀lú ìpín méjì tó dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1997, The End of Evangelion jáde, ó tún ìpín méjì náà ṣe ní ọ̀nà mìíràn, kò sì ṣe àlàyé kankan fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò wo eré náà tẹ́lẹ̀ kò lè mọ orí kò lè mọ ìdí rẹ̀. Ayé ti yí padà nígbà náà: téèpù fídíò ti wà nílé, disiki ń bọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Onífíìmù kò tún ní láti bẹ̀rù mọ́ pé òǹwòran lè má ti rí ìtàn náà. Bí kò bá tíì rí i, ó mọ ibi tó ti lè lọ wá a. Láti ibí yìí ni ẹrù ìmọ̀ ti kúrò lórí ẹni tó ń ṣe fíìmù, tó sì bọ́ sórí ẹni tó ń wò ó.

Ohun tó dé ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni èso ìyípadà náà. Demon Slayer: Mugen Train kì í ṣe àkópọ̀, kì í sì í ṣe ìtàn ẹ̀gbẹ́, orí kan pàtó ni nínú ìwé Gotouge Koyoharu, ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìpín 26 ti eré tẹlifíṣọ̀n ọdún 2019 parí sí, ó sì fà wá sílẹ̀ níbi tí ìtàn tún ti ń lọ síwájú. Gbogbo ẹni tó mọ òwò ni ìbá sọ pé àwọn ọmọ onílé nìkan ni yóò wò ó. Ṣùgbọ́n ó pa owó tó ju bílíọ̀nù 40 yen lọ ní Japan, ó sì gba ipò kìíní lọ́wọ́ Spirited Away tí Miyazaki ti fi jókòó síbẹ̀ láti ọdún 2001. Àwọn ọmọ onílé nìkan kò lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Báwo ni àlejò ṣe rọ́nà wọlé?

Ẹ wò ó bó ti rí nínú ọkọ̀ ojú irin tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Tanjiro, akọni ìtàn náà, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wá ajagun kan, Rengoku Kyojuro, ohùn rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbọ́: ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ dà bí ọwọ́ iná jókòó ti ìdìpọ̀ oúnjẹ inú páálí, bó bá ti bù ú sẹ́nu ni yóò pariwo pé ó dùn, yóò tún bù ú, yóò tún pariwo, páálí òfìfo sì ń ga sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ àtijọ́ pàápàá, fìrí ni wọ́n rí Rengoku lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn àti àlejò jọ mọ̀ ọ́n, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ bá a wọlé, wọ́n sì jọ wà níbẹ̀ nígbà tí oòrùn là sí i lára tó ń kú. Ní ti Tanjiro, iwin inú ọkọ̀ náà kun ún lóorun, ó sì bá ara rẹ̀ nílé lójú àlá láàárín ìyá àti àwọn àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ti pa. Kí ó tó lè jí, ó gbọ́dọ̀ kẹ̀yìn sí wọn nínú yìnyín, kí ó máa lọ. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ti mọ ohun tó pàdánù, kò sì sí ẹni tó ròyìn rẹ̀ fún un.

Àwọn tó gbọ́n gba ẹ̀kọ́ náà. Jujutsu Kaisen 0, tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2021, padà sí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ìtàn gan-an tó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé e lé ọ̀dọ́mọkùnrin Okkotsu Yuta lórí, ẹni tí eré tẹlifíṣọ̀n kò tíì fi han ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022 ẹ̀wẹ̀, Inoue Takehiko fúnra rẹ̀ darí The First Slam Dunk láti inú ìwé tí ó ti kọ parí láti 1996. Ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo fíìmù náà, èyí tí eré tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kò dé. Ṣùgbọ́n dípò Sakuragi, akọni ìwé náà tí gbogbo ayé mọ̀, Miyagi Ryota ló fi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn, ọmọ Okinawa tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ ní bọ́ọ̀lù, tí ẹ̀gbọ́n náà wọ ọkọ̀ lọ pẹja tí kò padà mọ́. Àwọn tí wọ́n ti ka ìwé náà ní àìmọye ìgbà kò mọ ọ̀fọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Inoue sọ gbogbo wọn di àlejò padà, ó sì gbà wọ́n lálejò.

Wàyí o, Demon Slayer: Infinity Castle, àkọ́kọ́ nínú fíìmù mẹ́ta, jáde ní ọjọ́ 18 oṣù keje ọdún 2025, ìṣẹ́jú 155 gbáko, ó sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí gbogbo àwọn ajagun ń já ṣòòrò bọ́ sínú ààfin àwọn iwin. Àwọn tí wọ́n ń bá ara wọn jà, ìjà wọn ti ti ìtàn ọdún mẹ́fà wá. Orúkọ ń jáde lórí orúkọ, gbèsè ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórí gbèsè ẹ̀jẹ̀. Kí a má purọ́, fíìmù ọmọ onílé ni. Síbẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Akaza, iwin tó pa Rengoku, rántí ìgbà tó ṣì jẹ́ ènìyàn: ọmọ tó ń jalè kí ó lè ra oògùn fún bàbá tó ń ṣàìsàn, tó wá rí ilé, tó rí olùkọ́, tó rí ọmọbìnrin tí yóò fi ṣe aya, kí àwọn oníkèéta tó bu májèlé sínú kànga tí wọ́n ń mu. Níbẹ̀, àlejò àti ọmọ onílé jọ dákẹ́ ni. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ojú tí àlejò kò fi ríran láti àárọ̀ là níbẹ̀.

Ẹjọ́ tí ìtàn òwò yìí dá nìyí, èmi náà sì fara mọ́ ọn: àlàyé kọ́ ni onífíìmù jẹ àlejò, ayé ẹnìkan ṣoṣo ló jẹ ẹ́, tí yóò bẹ̀rẹ̀ tí yóò sì parí láàárín ògiri fíìmù náà. Èyí tó bá san gbèsè yìí, bí Cagliostro àti The First Slam Dunk ti san án, ti gbogbo ènìyàn ni. Èyí tó bá san án níbì kan tó sì jẹ ẹ́ níbì kan, bí Mugen Train, àlejò lè wọ̀ ọ́ bí kò bá kánjú. Èyí tí kò bá san án rárá, ti ọmọ onílé ni, ẹ̀ṣẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ọ́ fún ni lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wo irú fíìmù wọ̀nyí rí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí Cagliostro. Kí ẹ sì wo ìtàn Demon Slayer tó ṣáájú tán, bẹ̀rẹ̀ láti ìpín 26 ti ọdún 2019, kí ẹ tó sanwó Infinity Castle. Ẹ̀yin ọmọ onílé, bí ẹni tó jókòó tì yín bá bi yín léèrè ẹni tí akọni náà jẹ́, ẹ má ṣe pòṣé. Ẹ dá a lóhùn jẹ́jẹ́.